Nígbà Tí Àlejò Di Onílé: Ìtàn Ojú Irin Talyllyn

Ní àwọn ọdún 1940, òǹkọ̀wé kan tí ń jẹ́ L. T. C. Rolt gbéra lọ sí Tywyn, ìlú etí òkun kan ní ilẹ̀ Wales, kí ó lè wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ó dé ibùdókọ̀, ìwé ìkéde kan ni ó bá: kò sí ọkọ̀ lónìí. Ẹlòmíràn ì bá pòṣé, kí ó sì padà sílé. Rolt kò padà. Ẹsẹ̀ ni ó fi tọ ojú irin náà lọ sí àárín àwọn òkè, ó ń wo irin tí koríko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọkùnrin yìí kan náà fi di ọ̀gá àgbà ojú irin ọ̀hún, tí ó wá di pé òun ni ó ń wá ọkọ̀ fún àwọn àlejò mìíràn. Bí àlejò ṣe di onílé ni ìtàn Talyllyn, ojú irin àkọ́kọ́ ní gbogbo àgbáyé tí àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni gbà lọ́wọ́ ikú, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn darí títí di òní.

Kì í ṣe nítorí afẹ́ ni wọ́n ṣe la ojú irin yìí. Ní ọdún 1865 ni wọ́n ṣí i, nítorí òkúta síléètì tí wọ́n ń wà ní Bryn Eglwys, lórí òkè. Irú òkúta yìí ni wọ́n fi ń bo òrùlé káàkiri ilẹ̀ Ìlú Ọba, òun náà sì ni àwọn ọmọ iléèwé ayé àtijọ́ fi ń kọ́ ìwé kíkọ. Kí ojú irin tó dé, ẹran ọ̀sìn ni ó ń ru òkúta náà sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n wá tẹ́ irin tóóró kan, tí àlàfo àárín rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íǹṣì 3 lọ. Bí a bá rántí pé ojú irin tí ìjọba amúnisìn tẹ́ láti Èkó lọ sí Ìbàdàn fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ààbọ̀, a ó mọ bí ti Talyllyn ṣe kéré tó.

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ìṣòro bẹ̀rẹ̀. Ní 1866, ìjọba rán Captain Henry Tyler láti yẹ ojú irin náà wò kí wọ́n tó gbà á láyè láti máa gbé èrò. Ó rí i pé àwọn afárá tí ọkọ̀ ń gba abẹ́ wọn kọjá ti há jù. Bí ọkọ̀ bá dúró lábẹ́ afárá, kò sí àyè tí ó tó fún èrò láti ṣí ilẹ̀kùn kí ó sì sá jáde. Dípò kí wọ́n wó afárá, wọ́n ti àwọn ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kan pa títí láé, wọ́n sì sún irin kúrò láàárín sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àyè lè wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Títí di òní, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni àlejò fi ń wọ ọkọ̀ Talyllyn. Èrò tí ó bá béèrè ìdí rẹ̀ yóò gbọ́ ìtàn tí ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún.

Ní 1911, Henry Haydn Jones, tí ó ń ṣojú agbègbè Merioneth ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ra ibi ìwakùsà náà pẹ̀lú ojú irin rẹ̀. Owó tí ó ń wọlé kò pọ̀, àtúnṣe sì kéré. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì 1946, apá kan ibi ìwakùsà náà ya lulẹ̀, wọ́n sì tì í pa. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ojú irin tí wọ́n ṣe nítorí òkúta kò ní òkúta kankan láti gbé mọ́. Síbẹ̀ Haydn Jones ti ṣe ìlérí pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí òun bá wà, ọkọ̀ náà yóò máa rìn, ó sì mú ìlérí náà ṣẹ. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ a máa rìn ní ọjọ́ díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, a sì máa gbé àwọn tó wá gbafẹ́ létí òkun. Nígbà tí ìjọba Ìlú Ọba sọ àwọn ojú irin di ti ìjọba ní ọdún 1948, Talyllyn kò sí lára wọn. Ìyẹn wá jásí oríire fún un, nítorí ohun tí kò bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ṣì lè bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú.

Haydn Jones kú ní oṣù Agẹmọ ọdún 1950. Ìlérí rẹ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Rolt ti kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Birmingham Post ní ọdún tí ó ṣáájú, ó ń pe àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má jẹ́ kí ojú irin náà kú. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Ọ̀wàrà 1950, nǹkan bí àádọ́rin ènìyàn péjọ sí ilé ìtura Imperial ní ìlú Birmingham, wọ́n sì fẹnu kò láti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò gba ojú irin náà là. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Èrèlé 1951, wọ́n ti bá opó Haydn Jones ṣe àdéhùn, àkóso sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àlá lásán ni. Ta ni ó ti rí i rí kí àwọn èrò ọkọ̀ fúnra wọn máa wa ọkọ̀, kí wọ́n máa tún irin ṣe, kí wọ́n máa já tíkẹ́ẹ̀tì, láìgba kọ́bọ̀?

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Èbìbí 1951, ọkọ̀ àkọ́kọ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ náà gbéra láti Tywyn lọ sí Rhydyronen. Orí ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó lè ṣiṣẹ́, ìyẹn Dolgoch, tí wọ́n ti ṣe láti 1866. Àwọn igi tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin ti jẹrà débi pé àwọn ènìyàn máa ń sọ ọ́ láwàdà pé koríko ni ó so irin pọ̀. Ẹgbẹ́ náà wá ra orí ọkọ̀ méjì tí ojú irin Corris, tí wọ́n ti tì pa ní 1948, fi sílẹ̀, wọ́n sì ra ọ̀kọ̀ọ̀kan ní £25. Wọ́n sọ ọ̀kan ní Sir Haydn, wọ́n sì sọ èkejì ní Edward Thomas, orúkọ ẹni tí ó ti ṣe alábòójútó Talyllyn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé Sir Haydn sórí irin, ṣe ni ó ń já bọ́. Irin Talyllyn ti fẹ̀ ju bí ó ṣe yẹ lọ díẹ̀, ẹsẹ̀ Sir Haydn kò sì gbòòrò tó láti dì í mú. Àfi kí wọ́n tún irin tẹ́, díẹ̀díẹ̀, ọdún dé ọdún.

Rolt fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá àgbà ní 1951 àti 1952. Ìrírí ọdún wọ̀nyí ni ó fi kọ ìwé Railway Adventure, tí ó jáde ní 1953. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi tẹ̀ lé ipasẹ̀ wọn. Ojú irin Ffestiniog, tí òun náà wà ní Wales, tún bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní 1955. Ojú irin Bluebell tẹ̀ lé e ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960. Lónìí, irú ojú irin bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ káàkiri Ìlú Ọba àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn.

Kí wá ni àlejò ń rí ní Talyllyn tí ó fi ń padà wá? Ọkọ̀ náà kò yára. Ìrìn àjò máìlì 7 àti díẹ̀ ni, láti etí òkun ní Tywyn títí dé Nant Gwernol, ibi tí wọ́n sún òpin ọ̀nà náà dé ní 1976. Èrò yóò kọjá láàárín pápá àwọn àgùntàn, yóò gba orí afárá Dolgoch, yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ wo omi tí ń já láti orí àpáta, lẹ́yìn náà yóò wọ inú igbó lọ. Ní Tywyn, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà fún irú àwọn ojú irin tóóró báyìí. Lọ́dọọdún láti 1984 ni àwọn sárésáré sì máa ń péjọ síbẹ̀ láti bá ọkọ̀ náà díje, àwọn kan a sì máa ṣáájú rẹ̀ délé.

Ṣùgbọ́n ohun tí àlejò kì í gbàgbé ju èyí lọ ni àwọn ènìyàn tí ó bá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò gba owó oṣù, àwọn díẹ̀ péré ni wọ́n ń san owó fún. Ẹni tí ojú rẹ̀ dúdú fún èédú lè jẹ́ olùkọ́ tàbí oníṣirò owó níbi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ó ti jí ní ìdájí láti dáná, nítorí omi inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ hó fún wákàtí mélòó kan kí ọkọ̀ tó lè gbéra. Kò sì sí ẹni tí ń ti ilé wá di awakọ̀. Nínú nínú ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn a fi àkísà àti epo nu ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà wọn a kọ́ bí a ṣe ń koná, kí wọ́n tó wá dé ìdí wíwa ọkọ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ọmọdé bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ni yóò fi dá a lóhùn.

Àṣìṣe wọn pàápàá ti di ohun ìgbádùn fún aráyé. Ní 1952, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Wilbert Awdry yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti ṣe gáàdì ọkọ̀ náà. Ní ọjọ́ kan, ó juwọ́ sí awakọ̀ pé kí ó máa lọ, láìmọ̀ pé obìnrin tí ń ta ìpanu fún èrò kò tíì wọlé. Awdry ni ó kọ àwọn ìwé ìtàn ọmọdé tí Thomas, orí ọkọ̀ tí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ti jáde. Ó sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà di ìtàn, ó sì fi àwọn orí ọkọ̀ Talyllyn ṣe àpẹẹrẹ àwọn tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ ti 1955. Àwọn ọmọ tí ó ka ìwé náà dàgbà, wọ́n sì kó ọmọ tiwọn wá sí Tywyn.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè ẹni tí ó ni ẹwà náà. Àwọn tí ó péjọ sí Birmingham kì í ṣe awakùsà Bryn Eglwys. Ará ìlú ńlá ni púpọ̀ nínú wọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń sọ. Ojú irin tí ó ti jẹ́ ibi làálàá àti ewu fún àwọn baba kan di ibi ìsinmi fún ọmọ ẹlòmíràn. Bí ọkọ̀ náà bá ń dán, tí ìtàn àwọn tí ó wa òkúta sì di ìgbàgbé, ìdajì ogún ni wọ́n tọ́jú. Ìdí nìyí tí ìpinnu UNESCO ní 2021 fi ṣe pàtàkì. Nígbà tí àjọ náà fi agbègbè síléètì àríwá ìwọ̀ oòrùn Wales sínú àkójọ ohun àjogúnbá gbogbo ayé, kì í ṣe ojú irin Talyllyn nìkan ni wọ́n kọ sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pọ̀ mọ́ ibi ìwakùsà Bryn Eglwys àti abúlé Abergynolwyn, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ náà gbé. Irin, òkúta àti ènìyàn di ìtàn kan ṣoṣo.

Ewu kò sì tíì tán. Ní ìparí ọdún 2023, wọ́n ti ibi ìwakùsà èédú Ffos-y-Fran pa ní gúúsù Wales. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ojú irin bẹ́ẹ̀ ti ń ra èédú tẹ́lẹ̀, ó sì wá di dandan kí wọ́n máa wá a láti òkèèrè tàbí kí wọ́n dán ohun mìíràn wò. Ṣùgbọ́n a ṣì lè fi owó ra èédú. Ènìyàn ni a kò lè fi owó rà fún irú iṣẹ́ yìí. Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1951 ti di ẹni àná, bí ọ̀dọ́ kò bá sì gba àkísà àti ṣọ́bìrì lọ́wọ́ àgbà, ìmọ̀ náà yóò bá àgbà wọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Nínú ọgbà reluwé ní Ẹbúté Mẹ́ta, ilé kan tí wọ́n kọ́ ní 1898 dúró síbẹ̀ títí di òní, ilé Jaekel. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995 láti máa dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́, ni wọ́n bá iléeṣẹ́ reluwé fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti tún un ṣe, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé reluwé. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ yóò rí ohun tí àlejò ń rí ní Tywyn: ohun àtijọ́ kì í dá dúró fúnra rẹ̀, ènìyàn ni ó ń dì í mú.

Ẹ̀kọ́ Talyllyn kò ju èyí lọ. Owó ìwọlé tí àlejò san máa ń ra èédú àti epo, ṣùgbọ́n kò ra ìfaradà. Àlejò tí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ó ní kí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ ṣe ni ó gbé ojú irin náà dé òní. Ọjọ́ tí kò bá sí ẹni tí yóò jí ní ìdájí láti dáná sí ẹ̀rọ mọ́, ìwé ìkéde tí Rolt bá ní Tywyn yóò tún padà sí ààyè rẹ̀.