Oúnjẹ Tó Ṣeé Jẹ Pẹ́ fún Ẹni Tó Fẹ́ Dín Sísanra Kù

Oúnjẹ tó ṣeé jẹ pẹ́ fún dídín sísanra kù ni ètò oúnjẹ tó ń jẹ́ kí agbára tó ń wọ ara kéré sí èyí tí ara ń ná, tí ẹni tó yàn án sì lè máa bá a lọ fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé ebi ń hàn án léèmọ̀ tàbí pé owó rẹ̀ ń tán sí i. Kálórì ni wọ́n fi ń ka agbára yìí. Gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì 9. Gíráàmù súgà, ìyẹ̀fun tàbí èròjà amúaradàgbà kan ní 4. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ẹni tí òṣùwọ̀n BMI rẹ̀, tó ń fi ìwọ̀n ara wé gíga, bá tó 25 ti ń sanra jù, tó bá sì tó 30, àìsàn ni. Kò dìgbà téèyàn bá di pẹ́lẹ́ńgẹ́ kó tó jàǹfààní. Ẹni tó wọn 100 kílò, tó wá fi kílò 5 sí 10 sílẹ̀, sábà máa ń rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti súgà inú ẹ̀jẹ̀ òun ti wálẹ̀.

Òwò títa ètò oúnjẹ fún ẹni tó fẹ́ fọn ti pẹ́. Ní 1863, William Banting, tó ń ṣètò ìsìnkú ní London, tẹ ìwé pélébé kan jáde lórí bí òun ṣe fi búrẹ́dì, súgà àti ọ̀dùnkún sílẹ̀ tí òun fi fọn. Ní 1963, Jean Nidetch, ìyàwó ilé kan ní New York, dá Weight Watchers sílẹ̀, níbi táwọn èèyàn ti ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti wọn ara wọn. Dókítà Robert Atkins gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 1972: ẹ jẹ ẹran, ẹ jẹ ọ̀rá, ẹ jìnnà sí ìyẹ̀fun. Kálukú ń polówó ọjà tirẹ̀ bíi pé tẹni tó kù kò dára.

Nígbà tí wọ́n wá kó àwọn ọjà náà sórí àtẹ kan, ariwo rọlẹ̀. Ní 2005, àwọn onímọ̀ kan ní Boston gbé èsì ìwádìí lórí èèyàn 160 jáde. Wọ́n ti pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, ti Atkins àti ti Weight Watchers sì wà níbẹ̀. Kí ọdún kan tó pé, nǹkan bí ìdajì àwọn tó wà ní ti Atkins ti pa á tì. Orúkọ ètò kọ́ ló sọ ẹni tó fọn, bí kò ṣe bí kálukú ṣe rọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n fún un tó. Ní 2018, Christopher Gardner àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford tún gbé ti èèyàn 609 jáde. Àwọn kan dín ọ̀rá kù, àwọn kan dín ìyẹ̀fun àti súgà kù. Lẹ́yìn oṣù 12, àwọn tó dín ọ̀rá kù ti fi kílò 5.3 sílẹ̀, àwọn kejì fi 6.0 sílẹ̀, ìyàtọ̀ tí kò tó ohun à ń pariwo. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀ ni èwo ni òun á lè máa jẹ lọ́sẹ̀ tí owó oṣù wọlé, àti lọ́sẹ̀ tí kò sí kọ́bọ̀ lápò.

Ara fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ kí ọ̀rá lọ. Onímọ̀ kan, Kevin Hall, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa èèyàn 14 tó kópa nínú The Biggest Loser, ìdíje fífọn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà. Nínú ìdíje náà, ní ìpíndọ́gba, ẹnì kọ̀ọ̀kan fi nǹkan bí kílò 58 sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, nǹkan bí 41 ti padà, ara wọn sì ń ná nǹkan bí kálórì 500 dín sí iye tó yẹ kí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ máa ná lóòjọ́. Mi ò sì ka tíì afọkùn tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ sí nǹkan kan: omi àti ìgbẹ́ ló ń kó jáde, ọ̀rá wà níbi tó wà.

Ìwádìí kan kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2008, àwọn onímọ̀ láti Loyola ní Chicago àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn fi àwọn obìnrin abúlé méjì ní Nàìjíríà wé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Chicago. Àwọn ará abúlé wọn nǹkan bí kílò 58, àwọn ti Chicago nǹkan bí 83. Ẹnikẹ́ni á ti sọ pé iṣẹ́ oko àti ìrìn ẹsẹ̀ ló fà á, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn agbára tí lílọ bíbọ̀ ojoojúmọ́ ń ná, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Oúnjẹ ni wọ́n nawọ́ sí: tibí kún fún fáíbà, ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀, tọ̀hún kún fún ọ̀rá àti oúnjẹ ilé iṣẹ́.

Ẹ wo abọ́ kan ní búkà. Ìyá olóúnjẹ fi igbákọ bu àmàlà mẹ́ta, ó da ewédú àti gbẹ̀gìrì lé e, ó wá fi ọbẹ̀ ata sí àárín, epo ń dán lójú rẹ̀. Ṣàkì méjì, ẹran kan, ìgò mínírà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn èèyàn á ní àmàlà ni kí wọ́n kọ́kọ́ lé kúrò. Èmi ò gbà. Ṣíbí epo ńlá kan ní nǹkan bí kálórì 120, ó sì ju ti isu sísè 100 gíráàmù lọ díẹ̀. Agolo kóòkì 33cl ní súgà gíráàmù 35, kì í sì í yó èèyàn. Kí a dín igbákọ kan kù, kí a fi ṣíbí gbọ́n epo ojú ọbẹ̀ kúrò, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i, kí omi rọ́pò mínírà: ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ṣì jẹ àmàlà. Bákan náà, ẹ̀wà lílọ̀ kan náà ló di mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà. Ìkòkò epo ló yà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bọ̀ọ̀lì àti dòdò. Ní ti wíìtì àti ẹlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ fọn, kálórì wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlùbọ́ isu, ẹni tó bá sì rò ó ní ìlọ́po méjì kò rí èrè kankan níbẹ̀.

Ìkòkò kan ni ọ̀pọ̀ ilé ń gbé kaná. Ètò tó bá ní kí ìyá máa se tirẹ̀ lọ́tọ̀, ti ọkọ àtọmọ lọ́tọ̀, kì í pé oṣù méjì. Ojú àwọn ará àdúgbò tún wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá fi kílò mẹ́wàá sílẹ̀ á gbọ́ “Ẹ mà ti rù o, ṣé kò sí o?” títí á fi sú u, nítorí ojú àìsàn tàbí àìlówó la fi ń wo rírù. Lóde àríyá, kíkọ oúnjẹ fẹ́ jọ kíkọ olóde, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló ń gbà á, tí wọ́n á jẹ díẹ̀, tí wọ́n á sì di ìyókù lọ sílé.

Kò yẹ kí aboyún dín oúnjẹ kù láti fọn. Alátọ̀gbẹ tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo glibenclamide kò gbọ́dọ̀ já oúnjẹ sílẹ̀ lójijì, ìbáà ṣe nítorí àtifọn tàbí nítorí ààwẹ̀, torí súgà inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tó máa dákú. Dókítà ló máa kọ́kọ́ tún ìwọ̀n oògùn náà ṣe.