Igba, Ìgbà, Igbá: Epo Pupa àti Àmì Orí Jíìnì

Ìyá elépo kan ní ọjà Ojúwòyè, ní Mushin, sọ fún mi pé, "Bàbá, epo yìí dáa fún ojú o." Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ojú nìkan kọ́.

Lọ́dún 1913, McCollum àti Davis ní Amẹ́ríkà rí i pé nǹkan kan wà nínú bọ́tà àti ẹyin tí eku ò lè dàgbà láìjẹ. Òun ni fítámì A. Lọ́dún 1930, Moore ní Cambridge fi hàn pé ara eku ń sọ kárótíìnì, tó ń mú epo wa pọ́n, di fítámì náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tèmi ṣàlàyé ìyókù. Bí ẹ bá kọ i-g-b-a sílẹ̀ láìfi àmì sí i, ta ló mọ̀ bóyá igba ni, tàbí ìgbà, tàbí igbá? (Láti 1875 tí àwọn CMS ti ṣèpàdé ní Èkó lórí àkọtọ́ la ṣì ń jà lórí àmì!) Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni jíìnì. Lẹ́tà kan náà ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ojú àti ti ẹ̀dọ̀. Àwọn àmì tó wà lórí wọn, àti lórí purotéènì tí wọ́n wé mọ́, ló ń sọ èyí tí a ó kà àti èyí tí a ó pa dé.

Lọ́dún 1987, ilé iṣẹ́ ìwádìí Chambon ní Strasbourg àti ti Evans ní Califonia rí ẹni tó ń gba retinoic acid, ọmọ fítámì A, lálejò lórí jíìnì. Bí àlejò ò bá tíì dé, àwọn tó ń pa àmì rẹ́ ló yí onílé ká. Bó bá dé, wọ́n á kúrò, àwọn tó ń fi àmì sí i á wọlé, jíìnì á ṣí. Lọ́dún 1988, àwọn dókítà ní Shanghai ròyìn bí wọ́n ṣe fi í wo irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan: àwọn sẹ́ẹ̀lì burúkú náà gbó, wọ́n di sẹ́ẹ̀lì gidi.

Òun náà ló ń darí bí ọwọ́ àti ọkàn ọlẹ̀ ṣe ń hù. Bó bá pọ̀ jù, ọlẹ̀ á bàjẹ́. Ìyẹn ni kò fi yẹ kí aláboyún fojú kan isotretinoin, oògùn irorẹ́. Ọmọ-ọmọ mi kan ní Surulere, tó ń retí oyún, ti rà á, ẹnikẹ́ni ò sì bi í ní nǹkan kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ní kó lọ rí dókítà.

Ó ní, "Grandpa, ṣé kí n fi epo pupa náà sílẹ̀ ni?" Mo ní rárá: bí fítámì A bá ti tó nínú ara, ara fúnra rẹ̀ á dẹwọ́ yíyí kárótíìnì padà.