Nígbà Tí Ìjọba Ńlá Bá Wó: Ẹ̀kọ́ Láti Ìkòròdú Dé Kírìjí

Àwọn àgbà a máa sọ pé ọjọ́ tí erin bá kú, oríṣiríṣi ọ̀bẹ là á rí. Nígbà tí ìjọba Soviet Union túká ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, orílẹ̀-èdè 15 ni ó jáde láti inú rẹ̀. Ní Tajikistan, ogun abẹ́lé jà láti ọdún 1992 títí di 1997. Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá, ó sì kan àwa tí a ń gbé ní agbègbè Agric pàápàá.

Ní nǹkan bí ọdún 1835 ni Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé fọ́n káàkiri. Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìjàyè di ìlú alágbára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè dá ẹjọ́ láàárín wọn mọ́. Ẹni tí ó bá di ọ̀nà òwò mú ni apá rẹ̀ ń ká ìyókù, nítorí láti etí òkun ni ìbọn àti ẹ̀tù ti ń wá.

Ìdí nìyí tí ogun fi dé Ìkòròdú. Ìlú Rẹ́mọ yìí wà létí ọ̀sà, ọ̀nà kan láti Ìbàdàn sí Èkó sì gba ibẹ̀ kọjá. Ní ọdún 1865 àwọn Ẹ̀gbá dó tì í. John Glover, tí ń ṣàkóso Èkó, rán ọmọ ogun, wọ́n sì lé àwọn Ẹ̀gbá lọ ní oṣù Kẹta. Ìkòròdú bọ́, ṣùgbọ́n agbára àjèjì ni ó gbà á sílẹ̀. Agbára kan náà ni ó gba Ẹ̀pẹ́ lọ bá Ìjẹ̀bú jagun ní ọdún 1892.

Ní Kírìjí, níbi tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ti kojú ara wọn fún ọdún pípẹ́, ọ̀nà mìíràn ṣí sílẹ̀. Ní ọdún 1886, Gómìnà Moloney rán àlùfáà méjì, Samuel Johnson, ẹni tí Ìbàdàn mọ̀ dáadáa, àti Charles Phillips, tí ń ṣiṣẹ́ ní Òǹdó. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàárín ibùdó méjèèjì títí a fi fọwọ́ sí àdéhùn ní oṣù Kẹfà. Àdéhùn náà gba òmìnira àwọn ìlú Èkìtì Parapọ̀ wọlé, a sì tú ibùdó ká ní oṣù Kẹsàn-án.

Síbẹ̀, gbólóhùn kan nínú rẹ̀ kò yanjú. Ó pàṣẹ pé kí àwọn ará Modákẹ́kẹ́, ọmọ àwọn tí ó sá kúrò ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ṣí kúrò níbi tí wọ́n tẹ̀dó sí ní Ifẹ̀. Wọn kò lọ títí di ọdún 1909. Nígbà tí ó yá, wọ́n padà. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní 1981, ó sì tún bẹ́ láti 1997 títí di 2000. Ọwọ́ ti kọ̀wé, ṣùgbọ́n ọkàn kò tíì gbà.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nìyí: àdéhùn lè pa ẹnu ìbọn dé, ṣùgbọ́n bí a kò bá parí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láàárín onílẹ̀ àti àlejò, ogun kàn sùn ni. Ní Ìkòròdú wa, níbi tí ọmọ ìlú àti àtìpó jọ ń kọ́lé, kí àwọn àlùfáà àti àwọn àgbà ìjọ má ṣe dúró kí àáwọ̀ ilẹ̀ di ìjà ìgboro. Johnson àti Phillips fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ bá ìhà méjèèjì. Iṣẹ́ onílàjà nìyẹn, kò sì tíì parí.