Ìsọjí Ọrọ̀-Ajé Ìgbèríko láti Ọwọ́ Ará Ìlú: Mpape àti Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀

Ìtumọ̀

Ìsọjí ọrọ̀-ajé ìgbèríko láti ọwọ́ ará ìlú ni ìgbésẹ̀ tí àwọn olùgbé abúlé tàbí ìletò kan gbé fúnra wọn láti mú iṣẹ́ àti ọ̀nà àtijẹ wọn bọ̀ sípò nígbà tí èyí tí wọ́n bá lọ́wọ́ baba wọn kò bá gbé wọn mọ́. Ohun mẹ́ta ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ètò ìdàgbàsókè tí ìjọba máa ń gbé wá. Èkíní ni pé àwọn ará ìlú ni ó ń pinnu ohun tí wọn yóò ṣe. Èkejì ni pé owó àti agbára tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Ẹ̀kẹta ni pé èrè rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró sọ́dọ̀ wọn. Mpape, ìlú orí òkè tí ó wà ní àríwá Maitama ní Àbújá, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ fún àyẹ̀wò, nítorí pé ohun méjì àkọ́kọ́ kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta kò fìdí múlẹ̀.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ nínú àṣà Yorùbá

Èrò yìí kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ tí agbára wọn dọ́gba ń ṣiṣẹ́ yípo láti oko ẹnì kan dé oko ẹlòmíràn, tí olúkúlùkù yóò fi jẹ àǹfààní rẹ̀ tán. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ ńlá já lé léjìká, bíi ilé kíkọ́ tàbí oko ńlá, yóò bẹ ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́, yóò sì fún wọn ní oúnjẹ ọjọ́ náà. Èsúsú jẹ́ ọ̀nà tí ẹgbẹ́ kan fi ń dá owó, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń kó gbogbo rẹ̀ ní tìtorí ipò rẹ̀ nínú ètò. Àjọ yàtọ̀ sí èyí: alájọ ni ó ń gba owó lójoojúmọ́, yóò sì dá a padà fún olówó ní ìparí oṣù lẹ́yìn tí ó bá yọ iye ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀.

Nígbà tí kòkó di ọrọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, ìṣọ̀kan yìí wọ aṣọ tuntun. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ní Agége, tí J. K. Coker jẹ́ aṣáájú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1907. Ní ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin tí ó fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ìdúró lábẹ́ òfin ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti di ọ̀nà tí àgbẹ̀, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ fi ń yá owó láìsí pé wọ́n fi ilé tàbí ilẹ̀ dúró. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó dípò ohun ìdógò.

Mpape kí Àbújá tó dé

Àwọn Gbagyi ni onílẹ̀ Mpape. Iṣu, ọkà bàbà àti àgbàdo wà lára ohun tí wọ́n ń gbìn, àwọn obìnrin wọn sì lókìkí nínú ìkòkò mímọ. Èjìká ni obìnrin Gbagyi fi ń ru ẹrù, kì í ṣe orí. Olókìkí jù lọ nínú àwọn amọ̀kòkò wọn ni Ladi Kwali, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Suleja lónìí. Àwòrán rẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Ó kú ní ọdún 1984.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, ìjọba Murtala Muhammed ṣe òfin tí ó dá Olú-Ìlú tuntun sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akinola Aguda darí ti dá a lábàá. Ìpinnu àkọ́kọ́ ni pé kí gbogbo àwọn tí wọ́n bá lórí ilẹ̀ náà kó lọ sí ibòmíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni ó darí àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí ilẹ̀ náà. Nígbà tí ó hàn pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ pọ̀ ju bí ìjọba ti rò lọ, owó gbà-má-bìínú náà sì pọ̀ ju ohun tí àpò ìjọba lè gbé, wọ́n yí ìpinnu náà padà ní ọdún 1978. Àwọn tí ó bá wù lè dúró, àyàfi àwọn tí ibùgbé wọn bọ́ sí àárín ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ìlú náà sí. Báyìí ni ọ̀pọ̀ abúlé Gbagyi ṣe wà láàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú tuntun, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé kì í ṣe tiwọn mọ́ lójú òfin.

Ilẹ̀ àti òfin

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ilẹ̀ Àbújá àti ilẹ̀ àwọn ìpínlẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àkóso gómìnà kí ó máa bá àwọn ará ìlú tọ́jú rẹ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ ní ìlànà àṣà. Ìdí nìyí tí ẹbí onílẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú fi ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ baba wọn. Ní Olú-Ìlú, abala 297 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ni ó ni gbogbo ilẹ̀ pátá. Àgbẹ̀ lè gba owó gbà-má-bìínú lórí irè oko àti ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ni ilẹ̀ kọ́ ni òfin ṣe ń wò ó.

Bí ọrọ̀-ajé Mpape ṣe yí padà

Nígbà tí ìjọba kó kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, òṣìṣẹ́ ya wọ ìlú náà, ṣùgbọ́n ilé tí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré lè gbà kò tó. Mpape sún mọ́ Maitama, owó ilé rẹ̀ sì rọjú. Kíá ni bíríkìlà, awakọ̀, aránṣọ, òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò láti gbogbo ẹ̀yà, Yorùbá pẹ̀lú, kún ibẹ̀. Oko di ilé. Ọ̀nà àtijẹ mẹ́ta ni ó gbilẹ̀ jù: òkúta fífọ́, ilé yíyá, àti òwò kéékèèké.

Òkúta Mpape wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ Àbújá. Iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní oúnjẹ òòjọ́, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ilẹ̀ mì tìtì ní Mpape àti àyíká rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lára ohun tí ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn tọ́ka sí ni òkúta tí wọ́n ń fi ohun ìbúgbàù fọ́ àti omi tí àwọn kànga ẹ̀rọ ń fà láti inú ilẹ̀. Omi fúnra rẹ̀ di ọjà: níbi tí omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé, mẹ́ruwà ni ó ń fi ọmọlanke gbé kẹ́ẹ̀gì omi kiri ojúlé.

Ní ọdún 2012, àwọn aláṣẹ Olú-Ìlú gbé ìgbésẹ̀ láti wó Mpape, wọ́n ní wọn kò kọ́ ọ lábẹ́ ìlànà. Àwọn olùgbé ibẹ̀ gba ilé-ẹjọ́ lọ, àṣẹ ilé-ẹjọ́ sì dá iṣẹ́ náà dúró. Èyí fi hàn pé àwọn ará ìlú tí ẹ̀yà àti ẹ̀sìn wọn kò pa pọ̀ lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó fi hàn ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá wọn yóò wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀ kò ní fi bíríkì kọ́ ọ; páànù ni yóò fi ṣe é. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò ní ìwé kò lè fi í yá owó ní báńkì. Ìnáwó tí ó lè mú èrè ọdún mẹ́wàá wá ni àìfọkànbalẹ̀ kọ́kọ́ ń pa.

Àpẹẹrẹ mìíràn

Ní Ushafa, abúlé Gbagyi mìíràn ní agbègbè Bwari, iṣẹ́ ìkòkò mímọ kò kú. Bill Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣe àbẹ̀wò sí abúlé náà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ohun tí ó yẹ ní àkíyèsí ni pé iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ti wà ní ilẹ̀ rí ni àlejò ń wá wò.

Ìjẹ̀bú-Òde lọ jìnnà ju èyí lọ. Ní òpin àwọn ọdún 1990, Mabogunje kan náà wà lára àwọn tí wọ́n pe ará ìlú jọ láti bá òṣì jà. Ọmọ Ìjẹ̀bú nílé lóko dá owó, Awùjalẹ̀ Sikiru Adetona fọwọ́ sí i, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ tí ó ń yá àwọn ènìyàn lówó nípasẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Owó náà kò bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ ni ó ń dúró fún ọmọ ẹgbẹ́.

Mabogunje náà ni alága ìgbìmọ̀ tí ó bojú tó àwọn báńkì àwùjọ, tí àkọ́kọ́ wọn ṣí ní Tudun Wada ní Kàdúná ní oṣù Kejìlá ọdún 1990. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti àwọn ará àdúgbò ni ó ra ìpín nínú wọn. Nígbà tí ìlànà tuntun ti ọdún 2005 ní kí wọ́n di báńkì olówó kékeré, kí wọ́n sì ní ogún mílíọ̀nù náírà ó kéré tán kí ọdún 2007 tó parí, àwọn kan kò lè dé ojú òṣùwọ̀n náà. Báńkì tí ará ìlú dá sílẹ̀ sì pàdánù ipò rẹ̀ nípa ìpinnu tí a ṣe níbòmíràn.

Ohun tí Mpape kọ́ni

Yorùbá ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mpape fi hàn pé òtítọ́ ni, ó sì fi hàn ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé dúró. Àjọ, èsúsú àti ẹgbẹ́ lè mú kí ọjà máa ná, kí ọmọ máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹjọ́ rí owó agbẹjọ́rò. Wọn kò lè sọ ilẹ̀ di ti ẹni tí òfin kò fún. Ìjẹ̀bú-Òde ní ọba, ní onílẹ̀, ní ọmọ ìlú tí kò bẹ̀rù pé wọn yóò lé òun kúrò. Ní Mpape, Gbagyi tí ó jẹ́ onílẹ̀ àti àlejò tí ó yá ilé lọ́wọ́ rẹ̀ jọ wà nínú àìfọkànbalẹ̀ kan náà. Nítorí náà, ìwádìí lórí ìsọjí ọrọ̀-ajé ìgbèríko ní Nàìjíríà kò lè tẹnu mọ́ owó yíyá àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ìbéèrè tí ó ṣáájú ni ta ni ó ni ilẹ̀, àti ta ni yóò wà lórí rẹ̀ nígbà tí èrè bá dé.