Ta Ni Àtúnṣe Kẹrìnlá Kọ́kọ́ Dáàbò Bò?

Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní ọdún 1865, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ẹrú ló dòmìnira. Tìtorí wọn ni wọ́n ṣe fi Àtúnṣe Kẹrìnlá kún òfin orílẹ̀-èdè náà ní 1868: ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ gba ẹ̀mí, òmìnira tàbí dúkìá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìtọ ọ̀nà òfin, kò sì gbọdọ̀ fi ààbò tó dọ́gba du ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, bí a bá tẹ̀lé ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ láti ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló kọ́kọ́ rí ibi sá sí lábẹ́ òfin yìí, nígbà tí àwọn tí wọ́n torí wọn ṣe é ṣì wà níta nínú òjò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú òfin ló fà á. Àwọn adájọ́ ló yàn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Barron pe ìlú Baltimore lẹ́jọ́ pé bí wọ́n ṣe darí odò gba ibòmíràn ti kó yanrìn dí èbúté òun, ọkọ̀ ńlá kò sì lè gúnlẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Ní 1833, ilé-ẹjọ́ ní ẹ̀tọ́ inú àtúnṣe mẹ́wàá àkọ́kọ́ kò de ìpínlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló dè. John Bingham, tó kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín kìíní Àtúnṣe Kẹrìnlá, sọ ọ́ ní gbangba nílé aṣòfin ní 1871 pé irú ìdájọ́ yẹn ni òun fẹ́ mú kúrò nílẹ̀. Àwọn adájọ́ kò gbọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 1873, nínú ẹjọ́ àwọn alápatà New Orleans, adájọ́ márùn-ún borí mẹ́rin, wọ́n sì sọ gbólóhùn tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú di òfìfo. Ní ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ gan-an, ní Colfax, ní ìpínlẹ̀ Louisiana kan náà, àwọn aláwọ̀ funfun tó dìhámọ́ra pa ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí ẹjọ́ ìpànìyàn náà dé iwájú àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní 1876, wọ́n tú àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́bi sílẹ̀.

Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe rí fún rélùwéè. Ní 1886, ẹjọ́ owó orí láàárín Santa Clara ní California àti ilé-iṣẹ́ Southern Pacific dé ilé-ẹjọ́. Kí agbẹjọ́rò tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, Adájọ́ Àgbà Morrison Waite ní àwọn kò fẹ́ gbọ́ àríyànjiyàn lórí bóyá ààbò tó dọ́gba kan ilé-iṣẹ́. Gbogbo àwọn gbà pé ó kàn án. Ìdájọ́ fúnra rẹ̀ dá lórí ọgbà tí wọ́n ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin, kò sì yanjú ìbéèrè náà. Bancroft Davis, tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìdájọ́, ló fi ọ̀rọ̀ Waite síwájú rẹ̀ nínú ìwé, àwọn ilé-ẹjọ́ sì ń tọ́ka sí i láti ìgbà náà. Ní 1897, nínú ẹjọ́ rélùwéè kan pẹ̀lú Chicago, ilé-ẹjọ́ gbà pé ìpínlẹ̀ tó bá gba dúkìá gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dọ́là kan péré tí àwọn júrì bù fún ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n fọwọ́ sí. Ohun tí Barron kò rí gbà ní 1833 nìyẹn. Ní ọdún tó ṣáájú, àwọn adájọ́ yìí ti sọ nínú ẹjọ́ Plessy pé kò burú kí ìpínlẹ̀ ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ní 1938, Adájọ́ Hugo Black kọ̀wé pé nínú àwọn ẹjọ́ tí ilé-ẹjọ́ ti lo àtúnṣe yìí ní àádọ́ta ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, èyí tó jẹ mọ́ ààbò aláwọ̀ dúdú kò tó ìdá kan nínú igba, tí ti ilé-iṣẹ́ sì ju ìdajì lọ.

Ẹnìkan lè ní mo ń fi ojú kan wo ìtàn. Lóòótọ́, ní 1880 ilé-ẹjọ́ fagi lé òfin West Virginia tó yọ aláwọ̀ dúdú kúrò nínú júrì, ọjọ́ kan náà tí wọ́n dá ẹjọ́ Santa Clara ni wọ́n sì dá Yick Wo, ará Ṣáínà tó ń fọṣọ, láre. Mi ò kó ìyẹn dànù. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ tó rí ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú kedere ní 1880 kò tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ síwájú lórí ti rélùwéè. Àtakò tó wúwo jù ni pé ààbò ilé-iṣẹ́ náà a máa gba aláìlágbára là. Ní 1956, Alabama lo òfin ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ láti lé NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, kúrò ní ìpínlẹ̀ náà, nítorí pé New York ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Wọ́n ní kó kó orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Ó kọ̀, wọ́n sì bu ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là lé e. Ní 1958, ilé-ẹjọ́ gba ẹgbẹ́ náà láyè láti fi ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ jà. Mo gbà pé ìforúkọsílẹ̀ wúlò níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn tó wà nínú ẹgbẹ́ ni ìdájọ́ náà dúró lé, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti péjọ láìfi orúkọ wọn lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ìyẹn yàtọ̀ sí fífún rélùwéè ní ààbò láìgbọ́ ẹjọ́ rárá.

Ẹ̀tọ́ ènìyàn lásán wá ń wọlé díẹ̀díẹ̀: ọ̀rọ̀ sísọ ní 1925, agbẹjọ́rò fún aláìní ní 1963, lẹ́yìn tí Clarence Gideon fi pẹ́ńsùlù kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ láti inú ẹ̀wọ̀n Florida. Kò tíì parí. Ìdájọ́ Hurtado ti 1884 ṣì dúró: títí dòní, ìpínlẹ̀ lè gbé ènìyàn lọ síwájú adájọ́ lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ ará ìlú kọ́kọ́ yẹ ẹ̀sùn náà wò, bẹ́ẹ̀ òfin de ìjọba àpapọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀.