Ìgbà Tí Nàìjíríà Wá Jókòó Sí Ìbàdàn

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 1950, àwọn aṣojú láti Àríwá, Ìlà-Oòrùn, Ìwọ̀-Oòrùn àti Èkó péjọ sí Ìbàdàn láti fẹnu kò lórí òfin tí wọn yóò fi máa ṣàkóso Nàìjíríà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó dìde. Òfin tó wà nílẹ̀ nígbà náà, Gómìnà Arthur Richards ló gbé e kalẹ̀, kò sì bi ọmọ ìlú léèrè kó tó ṣe é. Inú bí àwọn olóṣèlú wa gidigidi. Nígbà tí John Macpherson gba ipò Gómìnà ní 1948, ó ní kí wọ́n tún un ṣe láti ìsàlẹ̀. Láti ọdún 1949 ni ọ̀rọ̀ náà ti ń rìn láti abúlé lọ sí ìlú, láti ìlú lọ sí ẹkùn, kó tó wá gúnlẹ̀ sí Ìbàdàn. Ìbéèrè tó ṣáájú nínú gbogbo rẹ̀ ni pé, ṣé kí gbogbo agbára wà lọ́wọ́ ìjọba kan ṣoṣo ní Èkó ni, àbí kí àgbègbè kọ̀ọ̀kan ní agbára tirẹ̀ lọ́tọ̀?

Ìtàn ni mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama títí mo fi fẹ̀yìn tì, Pópó Yemọja ní Ìbàdàn yìí sì ni wọ́n bí mi sí. Ohun tó máa ń jọ mí lójú nínú ìtàn 1950 ni ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ìlú tí wọ́n wá jókòó sí, ìlú àwọn àjèjì tó para pọ̀ ni. Ó ti jìyà ohun tí wọ́n wá ń jiyàn lé lórí, ó sì ti rí ọgbọ́n díẹ̀ kọ́ níbẹ̀. N kò rí i nínú àbọ̀ ìpàdé náà pé ẹnikẹ́ni bi Ìbàdàn léèrè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn aṣojú Àríwá ní ìdajì gbogbo àga ilé aṣòfin àpapọ̀ ni àwọn fẹ́. Ẹ́míà Zaria àti ti Katsina là á mọ́lẹ̀ pé bí wọn kò bá fún àwọn, kí oníkálukú padà sí bó ṣe wà kó tó di ọdún 1914. Ọ̀rọ̀ ìyapa nìyẹn, ọdún mẹ́wàá gbáko ṣáájú òmìnira. Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn yarí. Ṣùgbọ́n kí a má fi ẹ̀tọ́ ẹni dù ú: àwọn ènìyàn Àríwá ju ìdajì Nàìjíríà lọ, ètò ìkànìyàn tó tẹ̀ lé e ní 1952 sí 1953 sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn wọn náà kì í ṣe irọ́. Ọmọ Gúúsù tó ti kàwé ló kún ọ́fíìsì ìjọba, ọ́fíìsì rélùwéè àti ilé ìfìwéránṣẹ́ káàkiri ilẹ̀ wọn. Àwọn náà ń rò ó pé bí òyìnbó bá lọ, ta ni yóò wá jẹ ọ̀gá lé àwọn lórí?

Ọ̀rọ̀ Èkó tún wà níbẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn fẹ́ kó jẹ́ ara tiwọn, àwọn mìíràn ní kó dá dúró. Mbonu Ojike àti Eyo Ita, méjì nínú àwọn aṣojú, kò fọwọ́ sí ìpín sí àgbègbè mẹ́ta rárá, wọ́n sì kọ ìwé tiwọn lọ́tọ̀ láti fi kọ̀ ọ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ilé aṣòfin tó jáde nínú òfin ọdún 1951 ní àga 136 fún àwọn tí wọ́n dìbò yàn: 68 fún Àríwá, 34 fún Ìlà-Oòrùn, 34 fún Ìwọ̀-Oòrùn. Àríwá gba ìdajì rẹ̀.

Èmi rí i pé iye ni wọ́n pín. Wọ́n ka orí, wọ́n ka àga, wọ́n sì tú ká. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí kò rí tirẹ̀ gbà lónìí, ìgbà báyìí ni yóò kàn án. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro gbé àbá dìde ní ilé aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara ẹni ní 1956. Àríwá kò gbà, àwọn èrò ìgboro Èkó fi wọ́n ṣẹ̀sín, wọ́n padà sílé pẹ̀lú ìbínú, nígbà tó sì di oṣù karùn-ún, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kano, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú. Òfin Macpherson tí wọ́n ti abúlé dé Ìbàdàn tìtorí rẹ̀ kò pé ọdún mẹ́rin tó fi wó. Wọ́n tún gbéra lọ sí London láti lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Wàyí o, ìlú tí mò ń sọ. Lẹ́yìn ogun Òwu, ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti díẹ̀ nínú àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí àgbègbè Ọjà'ba. Kò sí èyí tó lè ní ilẹ̀ bàbá òun ni. Àgọ́ ogun ni wọ́n fi ṣe, kò sì pẹ́ tó fi di ìlú. Máyé Okùnadé, ará Ifẹ̀, ni olórí, akọni ni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru. Ìjà lórí ilẹ̀ láàrin ará Ifẹ̀ kan àti ará Ọ̀yọ́ kan ló di ogun gbogbo ìlú, wọ́n lé Máyé jáde, ó kó ogun padà wá, wọ́n sì pàdé ní Gbánamú. Ibẹ̀ ni Máyé kú sí. Láti ìgbà náà ni Ọ̀yọ́ ti gba ìlú.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìtàn parí sí, kò sí ohun tí Ìbàdàn fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ́gun kò pa gbogbo Ifẹ̀ rẹ́ nílùú. Lábòsíndé, tí òun náà jẹ́ ará Ifẹ̀, onísùúrù ènìyàn, ni wọ́n fi ṣe Baba Ìsàlẹ̀. Oyè Máyé fúnra rẹ̀, oyè ọkùnrin tí wọ́n bá jà títí ó fi kú, ṣì wà láàrin oyè Ìbàdàn títí di òní. Wọn kò sì gbà kí ìdílé olórí ogun kan, ìbáà ṣe ti Olúyọ̀lé, ìbáà ṣe ti Ògúnmọ́lá, sọ ìlú di ogún bàbá òun. Ìlú tí kò ní ọmọ ọba kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé àjèjì ni.

Ní Pópó Yemọja, ẹni tó bá fẹ́ rí èyí kò ní rìn jìnnà. Odò Ògùn ni odò Yemọja, apá Ṣakí ló ti ṣẹ̀, kò gba Ìbàdàn kọjá. Àwọn tí ogun lé wá ló gbé òrìṣà wọn lórí wá síbí, wọ́n kọ́ ilé fún un, àdúgbò sì gba orúkọ rẹ̀. Ilé náà wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wa, onígbàgbọ́ wà, àwọn oníyemọja náà wà, inú agbo ilé kan náà ni ẹ ó sì ti bá gbogbo wọn.

Mọ́gàjí ni olórí agbo ilé, láti orí rẹ̀ sì ni oyè Ìbàdàn ti ń gòkè. Ìlà méjì ló wà, ìlà Òtún àti ìlà Balógun. Ìpele tó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan lé ní 20, láti orí Jagun títí dé òkè, ẹnìkan kò sì lè fò lé ẹnìkejì. Bí ọba bá wàjà láti ìlà kan, ìlà kejì ló kàn. Ẹ wo àìpẹ́ yìí: Ọba Saliu Adétúnjí láti ìlà Balógun, Ọba Lékan Balógun láti ìlà Òtún ní 2022, Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn láti ìlà Balógun ní 2024, Ọba Rashidi Ládọjà láti ìlà Òtún ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Kí wọ́n tó gbé adé lé Ọba Ládọjà lórí ní Mápó, ọmọdé tó ń ta omi ní Bẹẹrẹ ti mọ ẹni tó kàn.

N kò ní sọ pé kò ní àléébù. Ẹni ọdún 89 ni Ọba Ọlákùlẹ́hìn nígbà tó gorí ìtẹ́, kò sì lò ju nǹkan bí ọdún kan lọ. Láyé ogun, agbára ló ń gbé ènìyàn sókè, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn: Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, rẹ́yìn Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní 1874, ó sì fínná mọ́ Ìyàpọ̀ ọmọ Balógun Ìbíkúnlé títí ìyẹn fi pa ara rẹ̀. Ní 2017 pàápàá, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi adé lé àwọn ìjòyè àgbà lórí, ìlú pín sí méjì, ẹjọ́ sì wà ní kóòtù fún ọdún púpọ̀. Síbẹ̀ ìlà méjèèjì kò já. Ẹni tó bínú jù mọ àyè tirẹ̀, ó sì mọ ẹni tó wà níwájú òun.

Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Mọ́gàjí nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé fẹ́ tú wa ká. Ọmọ ìyá méjì ni àwọn tó ń jà, apá kan ní ilẹ̀ àwọn ni ṣọ́ọ̀bù jókòó lé, apá kejì ní àwọn ló ra bíríkì. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n pa obì, Bàbá sì ní kí àwọn ọmọdé kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí bí àgbà bá ti là á, ọmọdé kò ní lè sọ tinú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn wọn ni àwa ọmọ obìnrin ilé, lẹ́yìn wa ni àwọn ìyàwó. Bàbá ò dá sí i, tẹ̀sùbáà ló ń kà. Nígbà tó yá, ó ní kí owó ọdún yìí jẹ́ ti apá kan, ti ọdún tó ń bọ̀ jẹ́ ti apá kejì, bẹ́ẹ̀ ni kó máa lọ. Ó yíjú sí àwọn tí yóò dúró di ọdún tó ń bọ̀.

"Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

"A gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ká kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ẹ mú bírò wá."

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ilé, apá méjèèjì fọwọ́ sí i, ẹni tí kò mọ̀wé tẹ̀ka. Lẹ́yìn ìrun aṣálẹ̀, ó rán èèyàn méjì lọ sí yàrá àwọn tó dúró di ẹ̀yìn, láti lọ bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má baà fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun jáde. Ìwé náà ṣì wà. Àwọn ọmọ wọn ló ń gba owó ṣọ́ọ̀bù báyìí, wọn kò sì jà mọ́.

Ìbàdàn náà ti fọwọ́ sí ìwé tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, lẹ́yìn ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, àwọn tó para pọ̀ bá a jà, gbà láti sinmi. Samuel Johnson àti Charles Phillips, oníwàásù méjèèjì, ti ń sáré láti àgọ́ kan sí èkejì tipẹ́tipẹ́. Ìwé yẹn sọ pé Èkìtì di òmìnira, Ọ̀tan, Ìrèsì, Adà àti Ìgbájọ yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, ẹni tí kò bá sì fẹ́ dúró níbẹ̀ lè kó ẹrù rẹ̀. Èyí dára, ó sì dúró. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà ní kí àwọn ará Mọ́dákẹ́kẹ́ ṣí kúrò lẹ́bàá Ifẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn tó gbà tọkàntọkàn. Ohun tó tẹ̀ lé e ni ìjà Ifẹ̀ àti Mọ́dákẹ́kẹ́ tó ń bẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí dé ìparí ọ̀rúndún ogún.

Mo gbé ìwé méjèèjì yìí wò nígbà tí ìjọba Goodluck Jonathan pe àpérò orílẹ̀-èdè ní oṣù kẹta ọdún 2014. Aṣojú 492 ló lọ sí Àbújá, Onídàájọ́ Idris Kutigi sì jẹ́ alága. Wọ́n kọ́kọ́ jà lórí bí ìdìbò yóò ṣe rí, kí wọ́n tó fẹnu kò sí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Lámídò Adamawa, ọba kan láti Àríwá, dìde, ó ní bí wọ́n bá ń ti àwọn lójú, òun yóò jáde kúrò níbẹ̀, ilẹ̀ òun sì dé Kamẹrúùnù. Ara mi bù máṣọ. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí Ẹ́míà Zaria àti ti Katsina ti sọ irú rẹ̀ ní Ìbàdàn, kò sì sẹ́ni tó tíì dá ẹ̀rù yẹn lóhùn.

Wọ́n mú àbá tó lé ní 600 jáde. Nígbà tó kan owó epo, iye tí yóò máa padà sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń wa epo nílẹ̀ wọn, wọn kò rẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní kí ìjọba lọ yan ìgbìmọ̀. Wọ́n gbé ìwé náà fún Ààrẹ ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ìdìbò dé ní 2015, ìjọba yí padà, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì sọ ní 2016 pé òun kò tíì kà á, yàrá ìwé àtijọ́ ni yóò wà.

Àwọn kan tún ti ń pariwo pé ká pe àpérò mìíràn. Bí wọ́n bá pè é, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má tún bẹ̀rẹ̀ láti orí iye àga. Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni tó kéré jù sọ̀rọ̀ ná. Kí wọ́n kọ ohun tó kàn fún ẹni tí kò rí tirẹ̀ gbà sílẹ̀, àti ìgbà tí yóò kàn án, kí wọ́n sì dárúkọ ẹni tí yóò mú un ṣẹ. Ẹ̀yin ọmọ Pópó Yemọja tó ń kà á, ẹ lọ bá Mọ́gàjí yín nígbà tó ṣì wà láyé, ẹ bi í bí ilé yín ṣe parí ìjà tirẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.