Ìrànlọ́wọ́ Ìjọba fún Ilé-Iṣẹ́ Wa: Ẹ̀kọ́ Lára Ọkọ̀ àti Sìmẹ́ńtì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Nàìjíríà mu. Ìjọba ti ran ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́wọ́. Àwọn kan dìde, àwọn kan wó. Kí ló fà á?

Ní ọdún 1975, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé wìtìwìtì, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó. Ìjọba àpapọ̀ ní ìpín nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà ti ń wá. A kàn ń tò wọ́n pọ̀ níbí ni. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ lẹ́yìn 1980, owó òkèèrè tí wọn yóò fi ra ẹ̀yà ọkọ̀ di ọ̀wọ́n. Aráàlú yíjú sí tòkunbọ̀. Nígbà tó yá, Volkswagen kúrò.

Ti sìmẹ́ńtì yàtọ̀. Lóòótọ́, láti 1960 ni wọ́n ti ń fi òkúta ẹfun ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, àmọ́ kò tó wa lò. Ní 1975 kan náà, ìjọba ra sìmẹ́ńtì tó pọ̀ ju agbára èbúté lọ, ọgọ́ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi sì tò sílẹ̀ ní Èkó láìríbi já ẹrù sí. Ní 2002, ìjọba yí ọwọ́ padà: ẹni tó bá fẹ́ ìwé àṣẹ láti kó sìmẹ́ńtì wọlé gbọ́dọ̀ máa kọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílé. Báyìí ni ilé-iṣẹ́ ńlá dìde ní Ọbájáná àti Ìbèsè. Lónìí, à ń ta sìmẹ́ńtì fún orílẹ̀-èdè mìíràn.

Síbẹ̀, sìmẹ́ńtì ṣì wọ́n fún ẹni tó ń kọ́ ilé, nítorí ilé-iṣẹ́ díẹ̀ ló ni ọjà náà. Ìrànlọ́wọ́ tí kò dé ọ̀dọ̀ aráàlú kò tíì pé.

Ní 2013, ìjọba fi kún owó ibodè ọkọ̀ tí a ń kó wọlé, kí iṣẹ́ ọkọ̀ ṣíṣe lè sọjí nílé. Ó yẹ ká béèrè: ẹ̀yà wo ni a ó ṣe níbí? Rọ́bà wà nínú oko wa, síbẹ̀ òkè òkun ni táyà ti ń wá. Bí ìjọba bá fẹ́ kí àwa ọ̀dọ́ ríṣẹ́ ṣe lọ́la, kí ó ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ó fi àdéhùn àti ọjọ́ sí i. Ilé-iṣẹ́ tó bá ṣípá ni kí a gbé.